Ohun tí Afẹ́fẹ́ Àná Kọ Sára Yìnyín

Òpó igi kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó gba ibùdókọ̀ ìsàlẹ̀ òkè Cairn Gorm lọ sókè, ní ìhà àríwá Scotland. Kò ga jù mí lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, yìnyín ti hù sí i lára bí ìyẹ́ adìyẹ, ìyẹ́ funfun tó gùn tó ìka ọwọ́, tí gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn òpó náà gbẹ, igi lásán ni. Obìnrin tó ń fi wá mọ̀nà dúró tì í, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n fi ìka ta ìyẹ́ yìnyín kan títí ó fi kán, wọ́n wá wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Níbo ni afẹ́fẹ́ òru àná ti fẹ́ wá?"

Àwa mẹ́fà la jọ ń gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn, mo sì ṣì í. Mo rò pé bí koríko ṣe máa ń tẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹ́ yìnyín yìí ṣe tẹ̀. Wọ́n ní rárá. Ìkùukùu tó bo òkè lóru kún fún ẹ̀kán omi tín-ín-tìn-ìn-tín, tó ti tutù kọjá ibi tí omi ń dì, síbẹ̀ tí kò tíì dì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé e lu òpó tàbí àpáta, ojú ẹsẹ̀ ló máa dì mọ́ ọn lára, òmíràn á tún wá dì lé ìyẹn lórí. Kì í sá fún afẹ́fẹ́, ńṣe ló ń hù lọ pàdé rẹ̀. Ìyẹ́ yẹn kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ ni ìjì ti fẹ́ wá ní gbogbo òru. Gbogbo yìnyín tó gbá kúrò lórí òkè, ẹ̀gbẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ló lọ kó o jọ sí. Ibẹ̀ gan-an la sì ti wéwèé pé a máa gbà.

"A ò ní gba ibẹ̀ mọ́," ni wọ́n wí. A ò tíì rìn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Mo ń sọ "wọ́n" nítorí pé ìyá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Orúkọ wọn lásán ni àwọn márùn-ún yòókù ń pè, àwọn fúnra wọn sì ní kí èmi náà máa pè é, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. "Ma" ni mo ń pè wọ́n títí a fi túká. Mi ò ní dárúkọ wọn níhìn-ín náà, nítorí mi ò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Òkè kì í ṣe àlejò lójú mi. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tó lọ sí ìlú àtijọ́ náà, mo ti gùn ún láìmọye ìgbà, nígbà tí bàbá mi ṣì wà láyé tí wọ́n máa ń kó wa lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Kérésì. Àpáta ni òkè tiwa. Ó lè gbóná débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní gbà á, ó sì máa ń yọ̀ bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ṣùgbọ́n bó o ṣe fi í sílẹ̀ lánàá lo máa bá a lónìí. Ohun tó pẹ́ kó tó yé mi ní Scotland nìyẹn: òkè tí yìnyín bò kì í sùn. Ibi tó o gbà kọjá ní wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé lè ti di pańpẹ́ tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, kí ojú ọ̀run mọ́ roro, kí oòrùn máa ràn, kí yìnyín kankan má sì rọ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì. Afẹ́fẹ́ nìkan ti tó.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe ní Glasgow, òru ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Obìnrin ọmọ Ghana kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú mi lọ rìn lórí òkè nígbà ooru, lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì kò níṣẹ́. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ọmọdé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ. Nígbà tí mo ń wá àwọn ènìyàn tí a lè jọ máa rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Rhiane Fatinikun ti dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019, kí àwọn obìnrin dúdú lè máa rìn káàkiri ìgbèríko láìsí ẹni tó máa wò wọ́n bí ẹni tó ṣìnà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé yẹn dùn mọ́ mi nínú débi pé mo fi ránṣẹ́ sí ilé.

Ìgbà ooru kọjá. Òtútù dé, mo rò pé òkè kan náà ni, pé aṣọ ni ènìyàn máa wọ̀ sí i.

Ẹnìkan ń polówó pé òun máa ń mú àwọn ènìyàn gun òkè nígbà yìnyín, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ òkè náà. Àwa márùn-ún la tẹ̀ lé e ní oṣù kejì ọdún, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn wà lára wọn. Níbi tí a gbé ọkọ̀ sí ló ti pín àáké fún wa, àáké yìnyín onírin gígùn tó ní ẹnu méjì, kò sì sọ bí a ṣe ń lò ó. A so ó mọ́ àpò ẹ̀yìn wa. Nígbà tí a dé ibi ìdagẹ̀rẹ́ kan tí yìnyín rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, yìnyín abẹ́ ẹsẹ̀ wa ké "hùm̀", bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó lé tìmùtìmù, ilẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ wa. Ìlà tín-ín-rín kan ṣí láti iwájú bàtà rẹ̀, ó sá lọ sí apá òsì bí irun orí tí wọ́n ya. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé yìnyín ń jókòó ni. A kọjá. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn nígbà mìíràn bí mo bá fẹ́ sùn.

Ibi tí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti yọ̀. Ó yọ̀ lọ tó ogún mítà, àáké rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó so ó mọ́, kò sì sí ohun tó lè fi dá ara rẹ̀ dúró títí tó fi kọlu àpáta. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Aago méje alẹ́ kọjá kí a tó dé ìdí ọkọ̀, tọ́ọ̀ṣì méjì péré ló wà láàárín àwa mẹ́fà. Ọjọ́ kejì ni mo lọ ka ìròyìn nípa yìnyín tí wọ́n gbé jáde fún agbègbè náà. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ẹ̀gbẹ́ òkè tí a gbà gan-an ni wọ́n dárúkọ, wọ́n ní ẹni tó bá gba ibẹ̀ lè fa kí yìnyín ya.

Mọ́mì pè mí lọ́jọ́ náà.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n má lọ mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Bàbá bàbá rẹ kò dá wọ igbó ọdẹ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yìn ọ̀gá ni wọ́n tọ̀ wọ̀ ọ́. Bó o bá máa lọ, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ọdún kejì rẹ̀ ni mo lọ sí Aviemore, ìlú tó wà nísàlẹ̀ àwọn òkè Cairngorms, mo sì bá Ma pàdé. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àáké, wọ́n kó wa jókòó yí tábìlì kan ká, wọ́n sì tẹ́ ìwé sílẹ̀ níwájú wa: ìròyìn ojú ọjọ́ ti ọjọ́ márùn-ún tó kọjá. Kì í ṣe ti ọ̀la. Ti ọ̀la ló kẹ́yìn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ma kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Iléeṣẹ́ kan wà ní Scotland tí wọ́n ń pè ní Scottish Avalanche Information Service. Nígbà òtútù, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa gun òkè lójoojúmọ́ ní agbègbè mẹ́fà, Lochaber, Glencoe, Creag Meagaidh, Torridon, àti àríwá òun gúúsù Cairngorms, wọ́n á gbẹ́lẹ̀ yìnyín wò, wọ́n á sì gbé ìròyìn jáde nípa bí ọ̀la ṣe máa rí. Avalanche ni pé kí yìnyín ya kúrò lára òkè, bí a ṣe ń sọ nílé pé ilẹ̀ ya. Yìnyín yíya ni èmi a máa pè é. Ìpele márùn-ún ni wọ́n fi ń díwọ̀n ewu rẹ̀, láti orí èyí tó kéré dé èyí tó ga jù. Ma ní ohun tó ń pa àwọn ènìyàn ni pé wọ́n á wo nọ́ńbà ìpele náà, wọ́n á sì pa fóònù dé. Àwòrán róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn tó ń fi hàn apá ibo lórí òkè ni ewu wà, àti láti ìwọ̀n gíga wo. Àwòrán yẹn ni kí ènìyàn kà. Lọ́jọ́ tí ìpele jẹ́ mẹ́ta, ọ̀nà tó dára ṣì lè wà. Lọ́jọ́ tó jẹ́ méjì, ìdagẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó lè pa ọ́ lè wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ òun lo yàn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Afẹ́fẹ́ líle á gbá yìnyín tó wà níwájú òkè, á máa yí i gbirigbiri lórí ilẹ̀ títí gbogbo etí wínníwínní rẹ̀ á fi kán tí á di lẹ́búlẹ́bú. Ibi tí ẹ̀yìn òkè bá ti dá a dúró, ibẹ̀ ló máa dà á sílẹ̀ sí, lẹ́búlẹ́bú yẹn á sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ di pátákó kan gbọọrọ. Pátákó náà le. Ènìyàn lè dúró lé e lórí kó máa rò pé ilẹ̀ gidi ni. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, bóyá yìnyín àtijọ́ tó ti dì tó sì ń yọ̀, bóyá ipele hóróhóró kan tí kò di ara rẹ̀ mú. Kò sí ìṣó láàárín àwọn méjèèjì. Ìdagẹ̀rẹ́ tó wà láàárín 30 sí 45 dígírì ni èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù, ó bá àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dọ́gba tàbí kó le jù ú lọ díẹ̀, ìyẹn irú ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn máa ń wù ú láti gbà gan-an. Nínú àwọn tí yìnyín yíya ń pa, èyí tó pọ̀ jù lọ ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ, ni ẹsẹ̀ wọn já pátákó náà. Òkè kò kàn ṣàdédé wó lù wọ́n. Ẹni tó bá sì bò mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrètí á máa já wálẹ̀ kíákíá. Kò sí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ tó lè ti ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ láàárín ìgbà yẹn.

Padà sí ìdí òpó. Nígbà tí a fi ọ̀nà àkọ́kọ́ sílẹ̀, Ma mú wa lọ sí ìdagẹ̀rẹ́ kékeré kan tó kọjú sí apá kan náà, tó kúrú débi pé bó bá tiẹ̀ ya kò lè bo ènìyàn. Wọ́n yọ ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ kòtò kan tó dé itan. Lára ògiri kòtò náà la ti rí i: ìlà lórí ìlà, òmíràn funfun bí ẹ̀kọ, òmíràn bí gíláàsì, ọ̀kan tó dúdú díẹ̀ nítorí iyanrìn tí ìjì gbé wá. Mo rántí àwọn tó gbẹ́ kànga wa ní Ìdànrè, bí ọ̀gá wọn ṣe ń jáde nínú ihò láti sọ fún bàbá mi pé ilẹ̀ pupa tán, pé amọ̀ ló kàn, pé lẹ́yìn amọ̀ yìí àpáta ni. Ma ń fi ìka ka yìnyín bẹ́ẹ̀. Èyí ni ti ọjọ́ Ajé, tó rọ̀ láìsí afẹ́fẹ́. Èyí ni ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó móoru tí ojú rẹ̀ yọ́, tó tún dì lálẹ́. Èyí ni ìjì àná. Mo wò ó títí. Ní Ọ̀yọ́, àwọn arókin ló ń tọ́jú ìtàn ọba sínú orí wọn kó má bàa sọnù. Níhìn-ín, yìnyín ni arókin, gbogbo ohun tí ojú ọjọ́ ti ṣe láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà lára rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀gà ló ń sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó. Ohùn "hùm̀" tí mo gbọ́ lọ́dún tó ṣáájú, ipele aláìlágbára ló ń wó lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Òkè bá wa sọ̀rọ̀ kedere, ẹni tó gba owó wa kò gbédè.

Wọ́n wá fi ayùn gé yìnyín yẹn yíká títí ó fi dá dúró bí òpó onígun mẹ́rin. Wọ́n gbé ojú ṣọ́bìrì lé e, wọ́n fi ọwọ́ gbá a, ìgbà mẹ́wàá láti ọrùn ọwọ́. Kò mira. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìgúnpá. Ní ìgbà kejì, òkè òpó náà yọ jáde síwájú lódindi, bí ìgbà tí ènìyàn fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ojú ibi tó ti yọ tẹ́jú bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ma ní kòtò kan kò lè sọ ti gbogbo òkè fún ènìyàn, pé ibi tí a gbẹ́ nìkan ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n pé bí ohun tí a rí nínú kòtò bá bá ohun tí òpó sọ mu, tó tún bá ìròyìn àná mu, kí ènìyàn gbà á gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la fi kọ́ àáké. Orí ìdagẹ̀rẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ní àpáta, la ti mọ̀ọ́mọ̀ ń yọ̀, láìwọ eékánná irin tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, èyí tí wọ́n ń pè ní crampons, nítorí bí eyín rẹ̀ bá kọ́ ilẹ̀ lójú ìyọ̀ ó lè yí ènìyàn dànù tàbí kó kán an lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ kan wà lórí àáké, ọwọ́ kejì ní ìdí ọ̀pá rẹ̀. Ẹnu tó mú wọlẹ̀, àyà àti èjìká lórí rẹ̀, ojú sílẹ̀, ẹsẹ̀ sókè. Mo ṣe é títí ìbọ̀wọ́ mi fi rin gbindin. Aṣọ òjò lórí yìnyín líle máa ń sáré ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Bó o kò bá dá ara rẹ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, ó lè má ṣeé ṣe mọ́. Ìdí nìyí tí Ma fi lo wákàtí kan gbáko lórí bí a ṣe ń fi etí bàtà gbẹ́ àtẹ̀gùn sínú yìnyín, tí wọ́n sì lo ìdajì wákàtí péré lórí bí a ṣe ń dá ìṣubú dúró. Àáké sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, ní ọwọ́ tó kọjú sí òkè. Mo rò ti ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì a gba orí Fiacaill a' Choire Chais, òkè gbọọrọ kan tí afẹ́fẹ́ ti gbá mọ́ débi pé òkúta hàn lójú rẹ̀. Ibi tí kò rẹwà ni, ibẹ̀ ló sì dára. A rí àwọn àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń pè ní reindeer níbẹ̀; ọ̀gbẹ́ni Mikel Utsi, ọmọ ẹ̀yà Sámi láti Sweden, ló kó wọn wá sí òkè yìí ní 1952, àwọn ọmọ wọn ló wà níbẹ̀ títí dòní. Wọ́n ń fi pátákò wa yìnyín kúrò lórí oúnjẹ wọn, wọn kò bìkítà nípa wa.

Nígbà tí a dé òkè téńté, ìkùukùu bò wá. Yìnyín funfun, òfuurufú funfun, kò sí ààlà láàárín wọn. Mi ò mọ̀ bóyá mò ń gòkè ni àbí mò ń sọ̀kalẹ̀. Ma bu yìnyín, wọ́n rọ ọ́ róbótó, wọ́n jù ú síwájú, ó balẹ̀ a sì rí i. Wọ́n ju ìkejì. A rí i. Wọ́n ní ọjọ́ tó o bá jù ú tí o kò rí ibi tó balẹ̀ sí, dúró, etí ọ̀gbun lo wà. Etí ọ̀gbun níbẹ̀ kì í ṣe etí àpáta nìkan. Afẹ́fẹ́ kan náà yẹn ló máa ń fa yìnyín yọ síta lórí òfo bí òrùlé tó yọ kọjá ògiri. Ẹni tó bá dúró lé e, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀.

A fi kọ́ńpáàsì àti kíka ẹsẹ̀ rìn. Mo ti ka tèmi lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú: ẹsẹ̀ òsì mi máa ń kanlẹ̀ ní ìgbà mẹ́rìnléláàádọ́rin nínú yìnyín kí n tó rin 100 mítà. Ó dà bí eré ọmọdé títí tí mo fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè yẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Edinburgh wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ń darí wọn. Wọ́n ń wá ilé ìsádi kékeré kan lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkè, ìjì yìnyín kò jẹ́ kí wọ́n rí i, wọ́n sì sùn síta nínú ìjì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún kú, àti ọ̀dọ́ kan tó ń ran olórí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wó àwọn ilé ìsádi orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkè náà, nítorí wọ́n rí i pé ilé tí ènìyàn kò lè rí nínú ìjì lè fa ènìyàn lọ síbi ikú, tí wọ́n sì le sí i nípa irú ẹni tó lè kó ọmọ ilé ìwé lọ sórí òkè nígbà òtútù. Ma ti wà láyé nígbà náà. Wọ́n sọ ọ́ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n sì ní kí n tún ẹsẹ̀ mi kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi ojú gíga wọn wọn àwọn òkè yìí. Cairn Gorm kò ju 1,245 mítà lọ. Síbẹ̀ orí rẹ̀ ni wọ́n ti wọn ìjì tó sáré 173 máìlì ní wákàtí kan ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1986. Ọ̀sán tiẹ̀ kúrú: ní àárín oṣù Kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ní Aviemore kò pé wákàtí méje.

Ti aṣọ kò gùn. Òwú kọ́ ni kó kan ara, nítorí bó bá ti mu òógùn kì í gbẹ, òtútù rẹ̀ á sì wọlé sí ènìyàn lára; irun àgùntàn tàbí aṣọ tí kì í mu omi ló dára. Gbéra nígbà tí òtútù ṣì ń mú ọ díẹ̀, kó o má bàa làágùn. Ìbọ̀wọ́ méjì, tọ́ọ̀ṣì orí méjì, oúnjẹ tó ṣeé jẹ láìbọ́ ìbọ̀wọ́. Bí ẹnìkan nínú yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, tó ń kọsẹ̀, tó sì ń bínú láìnídìí, òtútù ti ń wọ inú rẹ̀ lọ nìyẹn. Má bá a jiyàn, fún un ní aṣọ àti oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì sọ̀kalẹ̀. Bí ewu bá dé ní Scotland, 999 ni, kó o béèrè ọlọ́pàá, kó o ní àwọn aṣèrànwọ́ orí òkè lo ń wá. Ènìyàn lè forúkọ fóònù rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú kó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 999 níbi tí ìpè kò bá ti lọ. Fèrè ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, sinmi ìṣẹ́jú kan, tún un fun. Àwọn tó máa wá gbé ọ, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ rẹ, púpọ̀ nínú wọn ló fi iṣẹ́ oòjọ́ wọn sílẹ̀ wá. Mo máa ń rántí wọn nínú àdúrà mi.

Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi máa ń béèrè bí a ṣe ń mọ afinimọ̀nà tó dára. Ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà béèrè ìwé ẹ̀rí láìtijú. Ní Britain, Winter Mountain Leader ni ìwé ẹ̀rí ẹni tó lè mú ọ rìn lórí òkè yìnyín; bó bá jẹ́ pé okùn lẹ máa fi gun àpáta, ó gbọ́dọ̀ ga ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà, bi í ní ìbéèrè kan tí mo ti rí i pé ó ń fọ́ àwọn ènìyàn sí méjì: "Kí ni afẹ́fẹ́ ti ṣe lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹni tó bá dá ọ lóhùn pé ojú ọjọ́ ọ̀la máa dára, má bá a lọ. Ẹni tó bá fa máàpù jáde tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí kò fẹ́ dé, tó ń sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, san owó rẹ̀. Bó bá wọ́n, dúró kó o kó owó jọ. Oṣù márùn-ún ni mo fi kó tèmi jọ.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí ọwọ́ rẹ̀ kán nígbà náà lọ sí Ben Lomond, 974 mítà, kò jìnnà sí Glasgow. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé tẹ̀ lé wa. Òkè yẹn kò sí lára agbègbè mẹ́fà tí wọ́n ń gbé ìròyìn yìnyín jáde fún, nítorí náà a ti ka afẹ́fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí a tó kúrò nílé, a sì ti pinnu ibi tí a kò ní kọjá. Ojú ọ̀run mọ́ tónítóní lọ́jọ́ náà. Adágún Loch Lomond ń dán nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi di àáké rẹ̀ mú láti ìgbà tí a ti dé ibi tí yìnyín bẹ̀rẹ̀, kò gbé e sí àpò rárá.

Àpáta ńlá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí òkè ti ń fẹ́ le. Ìyẹ́ funfun ti hù sí apá kan rẹ̀, wọ́n gùn tó ìka. Ọmọkùnrin náà yọ fóònù, ó fẹ́ yà á. Mo ní kó dúró ná.

"Níbo ni afẹ́fẹ́ àná ti fẹ́ wá?"

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àpáta náà, síbi tó gbẹ. "Ibẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Òun ló tì wọ́n síbí."

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún mi.